Àfarawé àti Ìgòkè Nínú Àwùjọ Híńdù: Ta Ló Lè Gòkè, Ta Ni Wọn Kò Gbà Láàyè?

Ìbéèrè: Mò ń bá àwọn ará Íńdíà ṣiṣẹ́ ní Leicester. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé àgbẹ̀ lásán ni àwọn baba ńlá òun, pé ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa ẹran jíjẹ àti ọtí mímu tì, tí wọ́n sì yí orúkọ ìran wọn padà, wọ́n di ẹni iyì. Òmíràn ní irọ́ ni, pé inú ìsọ̀rí tí a bá bí Híńdù sí ni yóò kú sí. Èwo ni kí n gbà? Bí ó bá sì jẹ́ pé àfarawé lè gbé ènìyàn ga, kí ló dé tí àwọn Dalit kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní jati yìí jọ ìran Àyàn tàbí ìran àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín méjèèjì ló sọ òótọ́. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ wọn takora ni pé ẹni àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa odidi ìran, ẹni kejì sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan ṣoṣo. Nínú àwùjọ Híńdù, kò sí ohun tí ẹnìkan lè dá ṣe, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ ìwé kíkà, ìbáà jẹ́ ìwà mímọ́, tí yóò mú un kúrò nínú ìsọ̀rí tí a bí i sí kí ó sì bọ́ sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n odidi ìsọ̀rí lè sún kúrò ní ipò tó wà, láàárín ìran kan tàbí méjì, bí gbogbo wọn bá pawọ́ pọ̀ yí ìṣe wọn padà, tí wọ́n sì ní agbára tí yóò mú kí àwọn aládùúgbò wọn gbà á fún wọn. Ọ̀rọ̀ agbára yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin, nítorí òun ló dáhùn ìbéèrè yín nípa àwọn Dalit, àwọn tí wọ́n tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, òun náà sì ni àwọn tó ń yin àfarawé bí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìran Àyàn kúrò nílẹ̀. Ìjọra díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún jati, ìyẹn àwọn ìsọ̀rí tí a ń bí ènìyàn sí, ló wà káàkiri Íńdíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní iṣẹ́ àjogúnbá, amọ̀kòkò, alágbẹ̀dẹ, onígbàjámọ̀, alágbàfọ̀, darandaran. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, inú ìran ẹni gan-an ni a kì í ti í fẹ́ ìyàwó. Ọmọ Àyàn ní láti jáde lọ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, bó sì jẹ́ ọmọ ọba ni àwọn ẹbí gbà fún un, ó di ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn. Òdìkejì pátápátá ni jati, nítorí inú rẹ̀ nìkan ṣoṣo ni òbí gbọdọ̀ ti wá ọkọ tàbí aya fún ọmọ. Ohun kejì ni oúnjẹ àti omi. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó se oúnjẹ àti ẹni tó bu omi ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣeé fi kan ẹnu, nítorí ìgbàgbọ́ pé àìmọ́ ìsọ̀rí kan máa ń ran ìsọ̀rí mìíràn.

Lórí gbogbo jati wọ̀nyí ni àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ gbé ìsọ̀rí ńlá mẹ́rin lé, èyí tí wọ́n ń pè ní varna: Brahmin tó jẹ́ àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé, Kshatriya tó jẹ́ ọba àti jagunjagun, Vaishya tó jẹ́ oníṣòwò, àti Shudra tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti sin àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n kà sí ẹni tí a bí lẹ́ẹ̀mejì, ọmọkùnrin wọn sì máa ń gba òwú mímọ́ tí ó gba èjìká òsì kọjá. Ní ìta varna mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nísàlẹ̀ pátápátá, ni àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn wà, àwọn tó ń pe ara wọn ní Dalit lónìí. Jati ni ènìyàn ń gbé nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Varna ni ipò tí jati ń jà fún. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó wà lókè pátápátá, gbogbo ìlú náà ló sì mọ ẹni tí wọ́n tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn ènìyàn fẹnu kò lórí ẹni tó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Inú àríyànjiyàn yẹn ni àyè ìgòkè wà.

Onímọ̀ tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni M. N. Srinivas, ọmọ Brahmin láti Mysore tó gboyè ní Oxford. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1952 nípa àwọn ará Coorg, tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ olókè kan ní gúúsù Íńdíà, ó ṣàlàyé pé ìsọ̀rí tó wà nísàlẹ̀ lè gòkè bí ó bá fi ẹran àti ọtí sílẹ̀, tí ó sì gba ètùtù, ìgbàgbọ́ àti ìṣe àwọn Brahmin mọ́ra. Sanskritization ni ó pe ìṣe yìí. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ àlàyé rẹ̀ lójú sí i, pé kì í ṣe Brahmin nìkan ni wọ́n ń fara wé: níbi tí àwọn Kshatriya bá ti ni ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pàṣẹ, ìṣe Kshatriya ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò máa kọ́. Àwọn ará Coorg fúnra wọn ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń mu ọtí, síbẹ̀ wọ́n ń pe ara wọn ní Kshatriya, àwọn aládùúgbò wọn kò sì bá wọn jiyàn púpọ̀, nítorí wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n sì ní ìbọn. Srinivas sọ ọ́ kedere pé ipò ìsọ̀rí kan ló ń yí padà nínú gbogbo èyí, pé ètò náà fúnra rẹ̀ kì í yí. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fò kọjá.

Ìṣe yìí ti wà tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Shivaji, ẹni tó fi idà dá ìjọba Maratha sílẹ̀, ti ní ọmọ ogun, odi àti ìṣúra, ṣùgbọ́n àwọn Brahmin agbègbè rẹ̀ ní Shudra ni, pé kò lè gba adé ní ìlànà ìwé mímọ́. Gaga Bhatt, ọ̀mọ̀wé Brahmin láti Varanasi, ni wọ́n pè wá. Òun ló gbà pé ìran Shivaji so mọ́ ti àwọn Sisodia, ìdílé ọba Rajput tó ń jọba ní Mewar. Wọ́n fi òwú mímọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé adé lé e lórí ní Raigad ní oṣù kẹfà ọdún 1674. Ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Agbára ló kọ́kọ́ dé, ìtàn ìran àti òwú mímọ́ ló wá tẹ̀lé e.

Ìtàn tó yẹ kí a fi ara balẹ̀ sọ jù lọ ni ti àwọn Nadar ní ilẹ̀ Tamil, nítorí pé kò sí apá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, Shanar ni wọ́n ń pè wọ́n. Adẹ́mu ni púpọ̀ nínú wọn: wọ́n ń gun irú ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní palmyra, wọ́n ń dá ẹmu rẹ̀, wọ́n sì ń se omi inú rẹ̀ di ṣúgà. Nítorí ẹmu yìí ni wọ́n fi kà wọ́n sí aláìmọ́. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ tẹ́ńpìlì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pọn omi ní kànga àwọn tó wà lókè wọn. Ní ìjọba Travancore, obìnrin Shanar kò gbọdọ̀ bo àyà rẹ̀ níwájú ẹni tó jù ú lọ. Nígbà tí àwọn tó di Kristẹni láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù, tí wọ́n sì tún ń fi aṣọ bo èjìká bí àwọn obìnrin Nair, ìsọ̀rí tó ga jù wọ́n lọ, ṣe ń ṣe, àwọn tó wà lókè wọn ń já aṣọ náà lára wọn ní ọjà, wọ́n ń sun ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn. Ìjà náà rú ní àwọn ọdún 1820, ó tún rú ní 1858 sí 1859. Ní oṣù keje ọdún 1859 ni ọba Travancore pàṣẹ pé kí wọ́n máa bo àyà, ṣùgbọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ da aṣọ náà bora bí àwọn obìnrin ìsọ̀rí òkè ṣe ń dà á bora. Ẹ ka àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbà kí obìnrin bo ara rẹ̀, wọ́n kọ̀ kí ó jọ ọ̀gá.

Ní ìhà ìlà-oòrùn Travancore, ní agbègbè Ramnad, ọ̀nà mìíràn ni àwọn kan nínú wọn gbà. Wọ́n fi ọ̀pẹ sílẹ̀, wọ́n di oníṣòwò, wọ́n sì tẹ̀ dó sí àwọn ìlú ọjà bíi Sivakasi, Virudhunagar àti Aruppukottai. Níbẹ̀ ni wọ́n dá owó àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mahimai: olúkúlùkù oníṣòwò ń dá díẹ̀ lórí ẹrù tó bá tà, wọ́n sì ń fi owó náà gbẹ́ kànga, kọ́ tẹ́ńpìlì tiwọn, kí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣí ní Virudhunagar lọ́dún 1889, Kshatriya Vidhyasala ni wọ́n sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mọ ipò tí wọ́n ń wá. Àwọn ọkùnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo òwú mímọ́, wọ́n ń ró aṣọ bí Brahmin, ọ̀pọ̀ kò jẹ ẹran mọ́, wọ́n kọ̀wé nípa ìran wọn pé ọba ni àwọn jẹ́ nígbà àtijọ́, wọ́n sì ní kí opó má ṣe fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́.

Àwọn aládùúgbò wọn kò gbà fún wọn. Ní ọdún 1897, àwọn Nadar kan wọ tẹ́ńpìlì Kamudi tó wà lábẹ́ ọba Ramnad, wọ́n sì rúbọ fúnra wọn. Ọba náà gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà rìn títí dé Privy Council ní London, níbi tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ lọ́dún 1908 pé àṣà kò fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti wọlé. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ní oṣù kẹfà ọdún 1899, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Maravar àti àwọn alábàáṣe wọn kọlu Sivakasi, wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. Àwọn Maravar tó kọlù wọ́n kì í ṣe Brahmin. Ìsọ̀rí tí ipò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ni wọ́n, tí wọ́n sì rí i pé ẹni tí àwọn ń wò nílẹ̀ fẹ́ kọjá àwọn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nínú ètò yìí: ẹni tó wà lókè pátápátá kì í sábà nílò láti na ọwọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá gbé àwọn Nadar dé ibi tí wọ́n dé? Mo gbà gbọ́ pé kì í ṣe òwú mímọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Nadar Mahajana Sangam sílẹ̀ lọ́dún 1910, ẹgbẹ́ náà sì gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àti owó. Wọ́n dá báǹkì tiwọn sílẹ̀ ní Tuticorin lọ́dún 1921, èyí tó wà títí dòní lábẹ́ orúkọ Tamilnad Mercantile Bank. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ìkànìyàn gbà kí a máa kọ Nadar dípò Shanar. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú wọn ti fi àfarawé sílẹ̀, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọ̀wọ̀-ara-ẹni tí Periyar dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ní kí a pa òwú mímọ́ àti ètùtù Brahmin tì pátápátá. Wọ́n wọ tẹ́ńpìlì ńlá Meenakshi ní Madurai ní ọdún 1939, àwọn àti àwọn Dalit pa pọ̀. Ọmọ Nadar kan, K. Kamaraj, tí a bí ní Virudhunagar lọ́dún 1903, tó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Kshatriya Vidhyasala yẹn, ló di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Madras láti 1954 dé 1963. Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ sí àwọn abúlé ni àwọn ará Tamil fi ń rántí rẹ̀.

Ìjọba òyìnbó náà dá kún àfarawé yìí. Nínú ìkànìyàn ọdún 1901, H. H. Risley pàṣẹ pé kí a to àwọn jati ní ìpele láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àwọn ará ìlú ṣe kà wọ́n sí. Láti ìgbà náà ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń wọlé rẹpẹtẹ ní gbogbo ìgbà tí ìkànìyàn bá ń bọ̀, tí ìsọ̀rí yìí ń ní Kshatriya ni òun, tí tọ̀hún ń ní kí a yí orúkọ òun padà. Bí ẹlẹgbẹ́ yín àkọ́kọ́ bá ń jẹ́ Patel, tí ó sì wá láti Gujarat, ó ṣeé ṣe kí ìtàn tó sọ fún yín jẹ́ ti àwọn Kanbi, àgbẹ̀ tó di ọlọ́rọ̀ nídìí ilẹ̀ ọlọ́ràá agbègbè Kheda, tí wọ́n gba ìsìn Vishnu àti àṣà àìjẹran mọ́ra, tí wọ́n sì fi Patidar rọ́pò orúkọ àtijọ́.

Àwọn obìnrin ló san owó ìgòkè yìí jù. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí tó wà nísàlẹ̀, obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní gbangba, ó ń mú owó wọlé, ó lè kọ ọkọ, ó sì lè fẹ́ ọkọ mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ìdílé ọkọ ló ń san owó fún ìdílé ìyàwó. Nígbà tí ìsọ̀rí náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ohun tí yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ó ti di ẹni iyì ni pé ìyàwó kò jáde lọ ṣiṣẹ́ mọ́, pé ọmọbìnrin ti lọ́kọ kí ó tó bàlágà, pé opó jókòó láìlọ́kọ títí ọjọ́ ikú, àti pé ìdílé ìyàwó ló wá ń san owó fún ìdílé ọkọ. Srinivas rí èyí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti rí i jinlẹ̀ jù ú lọ ní ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1916, B. R. Ambedkar, ọmọ ìran Mahar tí a kì í fọwọ́ kàn, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York nígbà náà, ka àpilẹ̀kọ kan níbi tó ti sọ pé àfarawé gan-an ló bí jati. Ó ní àwọn Brahmin ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn nípa fífẹ́ra nínú ara wọn nìkan, pé àṣà opó tí kò gbọdọ̀ lọ́kọ mọ́ àti ti ọmọdébìnrin tí wọ́n ń fún lọ́kọ wá láti dáàbò bo ìlẹ̀kùn náà, àti pé àwọn yòókù fara wé wọn nítorí iyì, títí tí olúkúlùkù fi di ìsọ̀rí tó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àlàyé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó o. Bí ó bá jẹ́ pé àfarawé ló kọ́ ilé náà, ẹni tó ń fara wé láti gòkè nínú rẹ̀ ń mọ bíríkì mìíràn sí i lára ni.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn Dalit. Ẹ má ṣe rò pé wọn kò gbìyànjú. F. G. Bailey, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní abúlé Bisipara ní Odisha ní àwọn ọdún 1950, kọ nípa ìsọ̀rí méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lówó nínú abúlé kan náà. Àwọn àkọ́kọ́ ń pọn ọtí tà. Òfin ọtí ìjọba òyìnbó sọ wọ́n di olówó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tún ìṣe wọn ṣe bíi ti àwọn tó wà lókè, ipò wọn sì gòkè ní tòótọ́. Àwọn kejì ni àwọn Pan, tí a kì í fọwọ́ kàn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìlù lílù. Wọ́n gbìyànjú ohun kan náà, wọ́n pa àwọn ìṣe tí wọ́n fi ń kẹ́gàn wọn tì, àwọn kan nínú wọn kàwé, wọ́n sì gbìyànjú láti wọ tẹ́ńpìlì abúlé nígbà tí òfin tuntun ti fún wọn láyè. Àwọn tó kù dí wọn lọ́nà. Wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì tiwọn nígbẹ̀yìn, abúlé sì gba iṣẹ́ ìlù lọ́wọ́ wọn. Owó kan náà ni, àfarawé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlà kan wà láàárín wọn tí àfarawé kì í ré kọjá.

Ìdí tí ìlà náà fi le bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹnìkan ní láti gbé òkú màlúù, kí ó bó awọ, kí ó gbá ìgbẹ́, kí ó lu ìlù níbi ìsìnkú, kí àwọn yòókù tó lè pe ara wọn ní mímọ́. Bí Shudra kan bá fi ẹmu dídá sílẹ̀, àdánù àwọn onílẹ̀ kò tó nǹkan. Bí Dalit bá kọ̀ láti gbé òkú ẹran, iyì gbogbo abúlé ló mì. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilẹ̀, inú oko àwọn tí wọn yóò fara wé gan-an ni oúnjẹ wọn ti ń wá, ẹni tó sì lè dá oúnjẹ ẹni dúró lè dá òwú mímọ́ ẹni dúró. Títí di àkókò yìí ni a ń gbọ́ ìròyìn pé wọ́n na ọkọ ìyàwó tó jẹ́ Dalit nítorí pé ó gun ẹṣin lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1950 ni òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà ti fòfin de àṣà àìfọwọ́kàn. Àfarawé tó ń sọ ẹlòmíràn di ẹni iyì ni wọ́n ń kà sí ìwà àfojúdi lọ́dọ̀ Dalit.

Ambedkar fúnra rẹ̀ rin ọ̀nà yẹn dé òpin. Ní oṣù kẹta ọdún 1927, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ mu omi ní adágún Chavdar ní ìlú Mahad, adágún tí ìjọba ìlú ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn Híńdù ìsọ̀rí òkè lù wọ́n, wọ́n sì fi ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù ṣe ètùtù sí omi náà. Níbẹ̀ náà ló ti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣíwọ́ jíjẹ òkú ẹran. Àwọn kan máa ń kà á mọ́ àfarawé, ṣùgbọ́n n kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ní kí wọ́n wá ni ọ̀wọ̀ ara wọn, kì í ṣe ojúrere ẹni tó wà lókè. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n dáná sun ìwé òfin Manu, ìwé àtijọ́ tó fọwọ́ sí ètò ìsọ̀rí yìí, ní gbangba. Láti 1930 ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti wọ tẹ́ńpìlì Kalaram ní Nashik, wọn kò sì rí i gbà. Nígbà tó di 1935, ó sọ ní Yeola pé bí wọ́n tilẹ̀ bí òun ní Híńdù, òun kò ní kú ní Híńdù, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ ní Nagpur ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1956, nígbà tí òun àti ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn gba ẹ̀sìn Buddha. Àwọn Jatav ìlú Agra, àwọn aránbàtà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé Kshatriya ni àwọn láìsí ẹni tó gbà, wà lára àwọn tó tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn òmìnira, ohun tí àwọn ènìyàn ń lépa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìjọba ya àyè sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn Dalit, ìdá 7.5 fún àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè. Ní ọdún 1990, Olórí Ìjọba V. P. Singh kéde ìdá 27 fún àwọn ìsọ̀rí mìíràn tó wà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Mandal ti dábàá ní 1980, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 1992. Ẹ wo àwọn Yadav, ìsọ̀rí darandaran, ní ìpínlẹ̀ Bihar. Ní ọdún 1925, ní Lakhochak ní agbègbè Munger, àwọn Bhumihar onílẹ̀ kọlù wọ́n nítorí pé wọ́n ń lo òwú mímọ́, wọ́n sì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Lónìí, ìwé ìdìbò ni wọ́n ń lò dípò òwú. Lalu Prasad Yadav di olórí ìjọba Bihar lọ́dún 1990, ìkànìyàn tí ìpínlẹ̀ náà ṣe lọ́dún 2023 sì fi hàn pé àwọn Yadav ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Patidar tó ti fi ọ̀pọ̀ ìran gòkè tú sí ìgboro ní Gujarat lọ́dún 2015 pé kí a ka àwọn mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Láti 2023 ni ọ̀pọ̀ Maratha, àwọn ènìyàn Shivaji, ti ń béèrè fún ìwé tí yóò fi hàn pé Kunbi, àgbẹ̀ lásán, ni àwọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ìyà àgbẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ yẹn. Ohun tó hàn sí mi níbẹ̀ ni pé ibi tí agbára bá wà ni jati máa ń kọjú sí, ìbáà jẹ́ òkè, ìbáà jẹ́ ìsàlẹ̀.

Nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ wà, ó dára kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí bá wọn dé ibẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin London ṣe òfin lọ́dún 2013 pé kí ìjọba fi ìyàsọ́tọ̀ nítorí jati kún òfin tó de ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 2018, ìjọba ní àwọn kò ní ṣe é, pé kí ilé ẹjọ́ máa fi òfin tó wà nílẹ̀ dá a. Ẹ má ṣe béèrè jati ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó lè jẹ́ ìtàn ayọ̀ fún ẹni tí ìran rẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ pa orúkọ ìdílé tì kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n lè wà ní tòsí.

Ìgbéyàwó ló kù. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe káàkiri Íńdíà ní ọdún 2011 sí 2012, nǹkan bí ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìgbéyàwó ló ré jati kọjá. Ìsọ̀rí tó gòkè nípa àfarawé, ìsọ̀rí tó gòkè nípa ìdìbò, àti èyí tó ń béèrè láti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ṣì ń wá ọkọ àti aya nínú ilé tí wọ́n ti tì mọ́ ara wọn. Ní ọdún 1936 ni Ambedkar ti kọ ọ́ pé fífẹ́ra láàárín jati ni oògùn tòótọ́ fún àrùn náà. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti fún tọkọtaya ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 rupee bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ Dalit tí ẹnìkejì kò sì jẹ́ Dalit. Àwọn tó gba owó náà kò pọ̀. Àwọn tó ń sá kúrò nílùú nítorí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, kí àwọn arákùnrin ìyàwó má bàa pa wọ́n, ṣì wà.